Update wo ni kí àwọn ará ilé n'Íbàdàn gbà sórí kọ̀ǹpútà wọn?

Ọmọ Mápó (London): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Kọ̀ǹpútà Windows 11 ló wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa ní Mọ́kọ́lá. Dátà fóònù ni wọ́n fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, update ló sì ń jẹ ẹ́ tán. Ṣé kí wọ́n kúkú pa gbogbo ẹ̀ ni?

Ọmọ Bódìjà (Toronto): Ká má rí i! Ẹ ṣà á ni. Ti ààbò ò ṣeé fi falẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù ni Microsoft máa ń gbé e jáde. Tó bá ti jáde báyìí, àwọn olè á tú u wò kí wọ́n lè mọ ihò tó dí, ẹni tí ò tíì gbà á ni wọ́n á máa wá kiri. Bí ti WannaCry nìyẹn, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì pa kó lè gba owó: oṣù kẹta 2017 ni àtúnṣe ti wà nílẹ̀, oṣù karùn-ún ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í jà.

Browser, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń ṣí wẹ́ẹ̀bù, náà ṣe kókó. Chrome á gba tiẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àfi kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún un ṣí, kó tó ṣiṣẹ́. Ẹni tí kì í pa táàbù rárá, ti àtijọ́ ló ṣì ń lò.

Ọmọ Mápó: Àwọn tí wọ́n kọ Optional sí ńkọ́?

Ọmọ Bódìjà: Ẹ fò wọ́n jàre. Preview àti driver, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lo ẹ̀rọ bíi printer, ló pọ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń bọ̀ lóṣù tó kàn ni preview. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Tí printer bá ń tẹ̀wé, tí Wi-Fi sì ń ṣiṣẹ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi driver tuntun ṣe?

Ní ti dátà, ẹ lọ sí Settings, Network & internet, Wi-Fi, kí ẹ wọ properties nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn, kí ẹ tan Metered connection, èyí tó ń sọ fún Windows pé dátà níye. Windows ò ní máa fa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fúnra rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì yẹn, kí wọ́n pa Metered connection, kí wọ́n tẹ Check for updates, kí wọ́n sì tún un tàn tó bá parí. Tí wọ́n bá gbàgbé, a jẹ́ pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ Òkè-Àdó (Houston): Ẹ má gbàgbé update BIOS o, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń jí kọ̀ǹpútà. Tí NEPA bá mú iná lọ láàárín rẹ̀, ẹ̀rọ náà lè má tan mọ́. Desktop tí ò ní UPS (bátìrì tó ń gbé e ró bí iná bá lọ), kí wọ́n má dán an wò. Laptop, kí bátìrì kún, kí ṣájà sì wà lára rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ da BitLocker recovery key, nọ́ńbà tó ń ṣí kọ̀ǹpútà tí BitLocker bá tì í, kọ sínú ìwé, torí ó lè béèrè nọ́ńbà 48 yẹn tó bá tan padà.

Ọmọ Ojé (Dublin): Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, Windows 10 ti ṣọ́ọ̀bù Dùgbẹ̀ ńkọ́? Kò gba 11.

Ọmọ Bódìjà: Àbúrò, àtúnṣe ọ̀fẹ́ ti parí ní 14 October 2025. Kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ fún Extended Security Updates, ìyẹn àfikún àtúnṣe ààbò, lójú ìwé Windows Update. 13 October 2026 ni wọ́n dá a sí fún kọ̀ǹpútà ilé. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n má fi ṣe nǹkan báǹkì mọ́. Chrome tuntun ò lè dí ihò tó wà lára Windows fúnra rẹ̀.

Ọmọ Òkè-Àdó: Update tó bá sì yọ lójú wẹ́ẹ̀bù, tó ní Flash Player wọn (èyí tí wọ́n fi ń wo fídíò lórí wẹ́ẹ̀bù nígbà kan) ti gbó, kí wọ́n pa táàbù yẹn kíá. Adobe ti pa Flash tì láti ìparí 2020.