Ẹ jọ̀ọ́, kábọ́ọ̀nù wo ni OH⁻ (háídírọ́ksáìdì inú kọ́sítíìkì) ń lọ bá nínú òróró àgbọn?
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ kẹ́mísìrì. Àgbádárìgì ni mo wà. Màmá mi ń fi òróró àgbọn ṣe ọṣẹ, èmi ni mo máa ń fi ọ̀pá rò ó. Bí omi kọ́sítíìkì bá ti kan òróró, á funfun bí omi ògì, á wá máa ki díẹ̀díẹ̀.

Ìwé mi ní kábọ́ọ̀nù tó so mọ́ ọ́síjìn méjì ni OH⁻ ń lọ bá, torí àwọn ọ́síjìn yẹn ti fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ sọ́dọ̀ ara wọn. Ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù tó wà lápá gílísẹ́rọ́ọ̀lù (apá tó so ásíìdì ọ̀rá mẹ́ta pọ̀ nínú òróró) náà so mọ́ ọ́síjìn! Kí ló dé tí OH⁻ kì í gba ẹ̀yìn kọlu ìyẹn, bíi ti SN2 (ìṣesí kẹ́míkà tí ohun kan ti ń gba ẹ̀yìn kábọ́ọ̀nù wọlé, tí èyí tó wà níwájú á sì kúrò)? Mo ti ya ọfà tó ń fi ibi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń lọ hàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.