Ẹ jọ̀ọ́, kí ni alumíníọ̀mù ń wá nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn níbí ni mò ń gbé. Ọmọ mi gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ kẹwàá sí itan, kókó kan sì wú síbẹ̀, kò ju hóró ẹ̀pà lọ. Nọ́ọ̀sì ní kí n fọkàn balẹ̀, pé iyọ̀ alumíníọ̀mù inú abẹ́rẹ́ ló fà á, yóò lọ fúnra rẹ̀. Bí ìyá ọkọ mi ṣe gbọ́ "alumíníọ̀mù" báyìí, ilé dàrú! "Ṣé ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n yọ́ sínú ọmọ mi ni?"

Mo wá lọ kà nípa rẹ̀. Ọdún 1926 ni Alexander Glenny, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ìlú Ọba, ti sọ pé iyọ̀ yìí ń jẹ́ kí àjẹsára ṣiṣẹ́ dáadáa. Bó ṣe yé mi, ó máa ń ta àwọn ẹ̀ṣọ́ ara jí lójú abẹ́rẹ́. Àwọn yẹn á gbé àpẹẹrẹ kòkòrò àìsàn náà lọ sínú àwọn kókó kéékèèké tó ti wà lára tẹ́lẹ̀ níbi tí itan ti so mọ́ ara. Ibẹ̀ ni ara ti ń kọ́ bí yóò ṣe bá a jà.

Ibi tó ti rú mi lójú rèé: àwọn kan ní ṣe ló ń dá oògùn dúró sójú kan kó má tètè tán, àwọn mìíràn ní igbe ìdágìrì tó ń ké sí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ló ṣe pàtàkì. Èwo ni ká mú? Ṣé alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ náà máa ń dé inú àwọn kókó yẹn?

Ẹ̀yin oníṣègùn, ẹ bá mi là á bí yóò ṣe yé màmá. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ń bọ̀, wọ́n sì ti gbé káàdì ọmọ pamọ́.