"Ibùsọ̀" ni, kì í ṣe "ìlà lẹ́tà"

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ méjì tí a dábàá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni n kò fara mọ́: "ìlà lẹ́tà", fún ibi tí ímeèlì tó ń jáde lọ ti ń dúró lórí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gba ímeèlì, tó sì ń fi í ránṣẹ́), àti "lẹ́tà tí a sún síwájú", fún èyí tí sáfà tó yẹ kó gbà á kò tíì gbà, tí a óò tún gbìyànjú rẹ̀. Dípò ti àkọ́kọ́, "ibùsọ̀" ni mo fẹ́ kí a lò.

Èkejì ló burú jù. Bí wọ́n bá sún ìpàdé síwájú, ọjọ́ rẹ̀ ti jìnnà sí i nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí ìlà, tí wọ́n ní kó sún síwájú, ti súnmọ́ ohun tó ń wá. Òǹkàwé tó bá rí "ìlà" àti "sún síwájú" pa pọ̀ yóò rò pé lẹ́tà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. "Àtúnrán" tẹ́ mi lọ́rùn jù, bí àwọn télọ̀ tilẹ̀ lè fi mí rẹ́rìn-ín.

Ní ti "ìlà", ẹ jẹ́ kí a fi ti gọ̀ǹbọ́ tó ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn níbí sílẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kí a gbà pé ẹni tó wà níwájú ló dí ẹni ẹ̀yìn lọ́nà. Postfix, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́, tí Wietse Venema ṣẹ̀dá, tí èmi náà ń tọ́jú níbi iṣẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó jọ gáréèjì: bí ọ̀nà Ìbàdàn bá dí, ọkọ̀ Ìlọrin kò ní torí ìyẹn dúró. Ibi kọ̀ọ̀kan tí lẹ́tà ń lọ ni ó ń ṣètò fún lọ́tọ̀, bí a kò bá sì yí i padà, kì í ju ogún lẹ́tà lọ tí yóò máa fi ránṣẹ́ síbì kan lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa gba ọ̀rọ̀ ìlà yìí gbọ́ débi pé, ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, ó ń pàṣẹ kí sáfà tún gbogbo lẹ́tà tó ti há rán, kí iwájú lè ṣófo. Sáfà wá ń padà sọ́dọ̀ àwọn tí kò dáhùn, lẹ́tà tuntun sì ń pẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Postfix ní sùúrù tirẹ̀: ó ń dúró fún ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà ó ń fa ìdúró náà gùn títí dé 4000 ìṣẹ́jú-àáyá, tí í ṣe wákàtí kan ó lé díẹ̀, bí ọjọ́ 5 bá sì pé láìjẹ́ pé wọ́n gbà á, ó ń dá lẹ́tà padà sí ẹni tó kọ ọ́. A dá àṣẹ náà dúró, a fi ẹ̀rọ tó ń wá àdírẹ́sì sí tòsí kí ìwádìí DNS (ètò tó ń sọ àdírẹ́sì orúkọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì) má baà máa fa nǹkan sẹ́yìn, a sì la ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún ibi tó máa ń lọ́ra, ni nǹkan fi wọ̀.

Mo gbà pé ìlà ní òtítọ́ díẹ̀ nínú. Lẹ́tà 20,000 ni apá tí iṣẹ́ ti ń lọ lọ́wọ́ nínú Postfix ń gbà, bí a kò bá yí i padà, bí lẹ́tà ibì kan ṣoṣo bá sì kún un, àwọn tuntun yóò dúró síta.

Síbẹ̀, ibi tí alárù ti ń sọ ẹrù kalẹ̀, tó ń sinmi, tí yóò tún gbé e kó lè máa lọ, ni a ń pè ní ibùsọ̀. Ẹni tó bá ní máìlì ni ibùsọ̀ ń jẹ́ kò parọ́, àmọ́ a ṣì ń pe ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń ṣì í gbọ́. N óò pe apá tí lẹ́tà tuntun ń wọ̀ ní ibùsọ̀ àwọlé, ti àwọn tí a óò tún gbìyànjú ní ibùsọ̀ àtúnrán, ti àwọn tí alábòójútó fọwọ́ ara rẹ̀ dì mú ní ibùsọ̀ ìdádúró, ti àwọn tí iṣẹ́ ń lọ lórí wọn lọ́wọ́ sì ni ibùsọ̀ ìgbéra.