Bí a ṣe lè fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán tó jọ bébà gígé ilẹ̀ Ṣáínà

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọnà. Mo ń fi Inkscape, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ya ẹja kan tí mo fẹ́ kó jọ bébà pupa tí àwọn ará Ṣáínà máa ń gé lẹ̀ mọ́ fèrèsé nígbà ọdún tuntun wọn. Mo ti fi ìlà funfun ya ìpẹ́ àti ojú rẹ̀ sórí pupa, síbẹ̀ kò jọ ohun tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé rárá. Kí ló kù tí mo lè ṣe?

Èsì kìíní

Ìlà funfun yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ kúrò. Ẹni tó ń gé bébà kì í fi nǹkan kún un, yíyọ ló ń yọ, ohun tó bá sì ṣẹ́ kù gbọ́dọ̀ so mọ́ra, nítorí pé ègé tó bá dá wà yóò já bọ́. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gé e. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní yang, ìlà ni wọ́n ń dá sí, tí wọ́n á gé àyíká rẹ̀ dànù. Nínú yin, ìlà náà ni wọ́n ń gé kúrò. Iṣẹ́ tó dára sábà máa ń da méjèèjì pọ̀.

Ẹ fi pupa kún gbogbo ara ẹja, kí ẹ ya ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan bí ihò, kí ẹ sì fi Difference, àṣẹ Inkscape tó ń yọ àwòrán kan kúrò lára òmíràn, yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lo Split Path, àṣẹ tó ń ya àwọn ègé tí kò so mọ́ra sọ́tọ̀. Bí ẹyinjú ẹja bá dá yàtọ̀, a jẹ́ pé kò sí ohun tó dì í mú nìyẹn, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi afárá tín-ín-rín so ó mọ́ orí. Àwọn tó ń gé páànù fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta náà kì í gbàgbé afárá yìí.

Èsì kejì

Òótọ́ ni èsì òkè yìí. Mo fẹ́ fi kún un pé bébà tí wọ́n ṣẹ́ po ni wọ́n sábà ń gé bí wọ́n bá fẹ́ kí apá ọ̀tún àti òsì bára mu. Ìdajì ni kí ẹ yà bí ó bá jẹ́ òdòdó tàbí labalábá, kí Mirror symmetry, ohun èlò Inkscape tó ń da ìdajì kọ sí òdìkejì bíi ti inú dígí, ṣe ìyókù. Ní ti eyín ayùn tí wọ́n fi ń ṣe irun àti ìyẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ya ẹyọ kan kí ẹ máa da á kọ, torí pé ọwọ́ ènìyàn máa ń mú un gùn níbi tí ara ẹranko bá ti fẹ̀, a sì máa kúrú níbi tó bá ti tín-ín-rín.

Èsì kẹta

Kì í ṣe pupa nìkan o. Ní Yuxian, ní ìpínlẹ̀ Hebei, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gé bébà funfun tí wọ́n tò léra, wọn a sì fi aró oríṣiríṣi kùn ún. Ku Shulan, ìyá àgbà ará Xunyi ní Shaanxi tó kú ní 2004, máa ń gé bébà aláwọ̀ wẹ́wẹ́ lẹ̀ léra títí yóò fi kún ojú ìwé, iṣẹ́ tirẹ̀ ni mo sì gbà pé ó bá ìpele (layer) tí a ń tò léra nínú kọ̀ǹpútà mu jù lọ. Bí ẹ bá tọ ọ̀nà rẹ̀, ẹ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìpele tirẹ̀, ẹyinjú yẹn kò sì ní nílò afárá mọ́.