Ẹni tó ń gba kímò àti ìpè láti ilé

Ọmọ Kàbà, Birmingham: Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá kan láàárín wa fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kímò (chemotherapy, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ) fún jẹjẹrẹ ọmú. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, ìpè láti Kàbà àti Ìsánlú ò sì dáwọ́ dúró. Kí ni ká ṣe?

Nọ́ọ̀sì, Leeds: Òkun o mà. Ẹ yan ẹnì kan ṣe agbẹnusọ. Òun ni kó máa fi ohùn sórí WhatsApp ẹbí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí ogún èèyàn bá ń béèrè "ṣé ẹ ti jẹun?" lójoojúmọ́, ẹni tí oúnjẹ ò wọ̀ lẹ́nu á máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ẹ bẹ àwọn àgbà nílé kí wọ́n sọ̀rọ̀ oko, ọ̀rọ̀ ọmọ, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n má bi màmá léèrè èsì àyẹ̀wò.

Bí wọn ò bá rí oorun sùn lẹ́yìn tí kímò bá bẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ ti oògùn. Dexamethasone tí wọ́n ń lò kí wọ́n má baà bì máa ń lé oorun lọ, ó sì ń mú àyà já. Ẹ bi nọ́ọ̀sì wọn bóyá àárọ̀ àti ọ̀sán ni kí wọ́n máa lò ó, pẹ̀lú oúnjẹ, kó má di alẹ́. Ẹlòmíì, òórùn ọsibítù nìkan ti ń mú un bì kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ kàn án. Ẹ sọ ọ́ ṣáájú, oògùn wà fún un. Nílé, ẹ má fi dandan lé iyán gbígbóná. Òórùn ẹ̀kọ tútù kì í tó ti oúnjẹ gbígbóná o.

Èyí ṣe pàtàkì jù: ẹ ra tẹmómítà. Bó bá fi 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn (37.5 ni ọsibítù mìíràn ń lò), ẹ pe nọ́ńbà orí káàdì kímò tí ọsibítù fún wọn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ aago mẹ́ta òru. Ẹ má kọ́kọ́ lo parasítámọ́ọ̀lù, á bo ibà náà mọ́lẹ̀ nígbà tí àrùn ń jà nínú. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn kímò ni agbára ẹ̀jẹ̀ láti bá àrùn jà sábà máa ń relẹ̀ jù. Tí ẹ bá dé ọsibítù, ẹ na káàdì sí wọn, ẹ ní: "Kímò ni wọ́n ń gbà, ibà ti dé." Ẹ má jókòó sórí ìlà.

Ọmọ Ìsánlú, London: Ní England, ẹ gba fọ́ọ̀mù FP92A, tí wọ́n fi ń tọrọ ìwé ẹ̀rí àìsanwó oògùn, lọ́dọ̀ GP (dókítà àdúgbò). Ọdún 5 ni wọn ò fi ní sanwó oògùn.

Ọmọ Kàbà, Birmingham: Ẹ ṣeun gan-an. Àgbo tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì, Leeds: Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́, ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ṣùgbọ́n kí màmá má mu ún títí ẹ ó fi sọ fún àwọn dókítà jẹjẹrẹ. Òmíràn ń pa ẹ̀dọ̀ lára, òmíràn ń dí kímò lọ́wọ́.