Ṣé "ìkóra-ẹni-níjàánu" ni a ó máa pe iṣẹ́ ọpọlọ yìí?

Ẹ̀yin onímọ̀ èdè, mo kí yín. Ẹnì kan nínú wa dábàá pé "ìkóra-ẹni-níjàánu" ni kí a máa pe agbára tí ọpọlọ fi ń darí èrò àti ìṣe, pàápàá nínú ìwé tó ń sọ bí ọtí àmujù ṣe tan mọ́ agbára náà lára ọkùnrin àti lára obìnrin. N kò fara mọ́ ọn.

Inú ìwàásù ni púpọ̀ nínú wa ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn, ìwà ló sì ń tọ́ka sí. Bí a bá kọ ọ́ pé obìnrin tó ń mutí púpọ̀ kò ní ìkóra-ẹni-níjàánu, èébú ni òǹkàwé yóò gbọ́. Bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn onímọ̀ ń wọ̀n kì í ṣe ìwà. Ẹ wo irú ìdánwò tí John Ridley Stroop, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 1935: a ó fi yíǹkì aláwọ̀ ewé kọ "pupa", a ó sì ní kí ẹni tó ń wò ó dárúkọ àwọ̀ yíǹkì náà, kó má ka ohun tí a kọ. "Pupa" ni yóò kọ́kọ́ sáré wá sí i lẹ́nu. Ó ní láti tì í sẹ́yìn kó tó lè fèsì, ìdádúró díẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sì ń wọ̀n. Olóòótọ́ ò bọ́ nínú rẹ̀, òpùrọ́ náà ò bọ́.

Yàtọ̀ sí èyí, agbára tí à ń wí kọjá kí ènìyàn dá ara rẹ̀ dúró. Fífi nǹkan sọ́kàn títí a ó fi lò ó wà nínú rẹ̀, àti kíkúrò nínú ìlànà kan bọ́ sí òmíràn nígbà tí iṣẹ́ bá yí padà. "Ìdarí-ìrònú-ẹni" ni èmi mú wá. Mo fi "ẹni" kún un kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ẹlòmíràn ló ń darí ìrònú náà.

"Àmujù" ní tirẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn ju "ìmutípara" lọ, nítorí ẹni tó ń mu àmujù lè má yó lójú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àmujù ta ni? NIAAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ọtí àmujù, ka ife 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́, tàbí 15 lọ́sẹ̀, sí àmujù fún ọkùnrin. Fún obìnrin, 4 lóòjọ́ tàbí 8 lọ́sẹ̀ ti tó, ife kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ gíráàmù 14 ògidì ọtí. Bí ìwọ̀n ara wọn bá tilẹ̀ dọ́gba, omi inú ara obìnrin sábà máa ń kéré sí ti ọkùnrin, nítorí náà ọtí kan náà máa ń ki jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Olùtumọ̀ tó bá kọ "iye ọtí kan náà" láìsọ bóyá ife ni wọ́n kà tàbí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó ti da ọ̀rọ̀ rú.

"Akọ àti abo" dípò "ọkùnrin àti obìnrin" ńkọ́? Kí a fi í sílẹ̀ fún eku inú yàrá ìwádìí.

Ibi tó ká mi lára jù ni "fà", ìyẹn kí a kọ ọ́ pé ọtí àmujù ló fa àìlera ìdarí-ìrònú-ẹni. Àìlera ìdarí-ìrònú-ẹni lè ṣíwájú ọtí, ọtí náà sì lè dá kún un, bẹ́ẹ̀ ni àbájáde ìwádìí lórí ọkùnrin àti obìnrin kò tíì ṣọ̀kan. "Bá rìn" ni mo fara mọ́: "ọtí àmujù ń bá àìlera ìdarí-ìrònú-ẹni rìn." Ẹni tó bá fẹ́ kọ "fà", kó kọ́kọ́ fi hàn wá pé wọ́n dán àwọn ènìyàn náà wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í mutí.