Àbọ̀ lórí bátìrì fọ́kílíìfù wa: ọ̀rọ̀ ti yanjú

Ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Bátìrì fọ́kílíìfù (ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè) 48V tí mo kọ̀wé béèrè nípa rẹ̀ lọ́wọ́ yín, tí kì í lo ìdajì ọjọ́ mọ́ bí a tilẹ̀ ń cháàjì rẹ̀ mọ́jú, kò bàjẹ́.

Rẹwáyà fi haidirómítà (irinṣẹ́ tó ń fi bí omi ásíìdì ṣe ki tó hàn) wọn omi inú ihò 24 tí bátìrì náà ní lẹ́yìn tí iná kún: ọ̀pọ̀ wà ní nǹkan bíi 1.270, bó ṣe yẹ kó rí, àmọ́ àwọn kan kò dé 1.200, ìyẹn ni pé iná wọn kò kún. Òótọ́ lẹ sọ nínú èsì yín, cháàjì díẹ̀díẹ̀ tí a ń fún un lọ́sàn-án ló ń pa á. Ó wá fún un ní cháàjì gígùn tó ń mú gbogbo ihò dọ́gba, àwọn tó rẹlẹ̀ sì gòkè.

Ní báyìí, a kì í lò ó kọjá kí iná inú rẹ̀ ku 20%. Lẹ́yìn cháàjì, ó ń sinmi kó tutù. Omi distilled nìkan là ń bù sí i, lẹ́yìn cháàjì ni o, torí iná máa ń mú omi inú rẹ̀ ru sókè, ásíìdì á sì ṣàn síta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti fèrèsé ibi tí ẹ ti ń cháàjì: gáàsì háídrójìn lè bú gbàmù!

A kò ra tuntun mọ́. Ẹ ṣeun gan-an, mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí dé.